Ẹ Yé Lọ Wo Sienna Lọ́sàn-án Gangan: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Ra Ọkọ̀ Ìdílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà pè mí. "Ọ̀gá, mo ti ra Sienna o. Ẹ wá bá mi wò ó bóyá ó dára." Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti sanwó?" Wọ́n ní àwọn ti san gbogbo rẹ̀, àwọn ti ń wà á bọ̀ láti Èkó. Ẹ gbọ́ ná. Ìyàwó ti wọlé, ó ti se oúnjẹ alẹ́, ẹ wá ń wá alárinà tí yóò bá yín wádìí ilé wọn. Kí ni mo fẹ́ wò mọ́?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe n'Íbàdàn níbí, Toyota Sienna ló sì pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wo táyà tàbí bíréèkì. Ẹni tó bá ti bímọ tó láti nílò ọkọ̀ ẹlẹ́ni méje ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ sọ.

1. Gbígba ọdún tí wọ́n bá pè fún yín

Ẹni tó ń tà á ní 2006 ni, ẹ̀yin náà ní 2006 ni. Nọ́ńbà ṣáásí wà nídìí gíláàsì iwájú, lápá òsì dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún. Ẹ kà á dé ìkẹwàá. Tó bá jẹ́ 4, 2004 ni. 6 ni 2006, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Kì í ṣe awo, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọdún yìí ṣe pàtàkì ju owó tí wọ́n fi gé yín lọ. Sienna 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì 3.3 ló wà nínú rẹ̀, táímíǹgì bẹ́líìtì ló sì ń lò. Bẹ́líìtì yẹn kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 90,000 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí kò sì ní pépà kan lọ́wọ́, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó iṣẹ́ náà nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Láti 2007 sí 2010, ẹ́ńjìnnì 3.5 ni, ṣéènì irin ló ń lò dípò bẹ́líìtì, ọkàn yín lè balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní páìpù ọ́ìlì kan tí wọ́n fi rọ́bà so láàárín. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ọ́ìlì á dà tán kí ẹ tó ríbi páàkì sí. Toyota ti ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé èwo ló wà lára eléyìí.

2. Ríra ọkọ̀ láì wo pépà kọ́sítọ́ọ̀mù

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba inú igbó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, fàyàwọ́ ni, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì.

3. Fífẹ́ ọkọ̀ nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀

Mo mọ̀ pé ó dùn ún wò. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ilẹ̀kùn ń sún lọ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ ń pariwo, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń fà á, òun sì ni ó ń já. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ tún fi ọwọ́ ṣí i láti ìta, nítorí pé ike ni ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ó sì máa ń kán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbàgbé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kọ́ ló máa gbé yín dé Òṣogbo.

4. Lílọ wo ọkọ̀ lọ́sàn-án

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí nìyí.

Àwọn èèyàn á jí, wọ́n á ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á wá gba ìdí ọkọ̀ lọ ní aago méjì. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọmọ tó ń nu ọkọ̀ ti tan án láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í rojọ́. Irin ti wú, àlàfo tó wà láàárín wọn ti dín, ọ́ìlì ti gun òkè, èéfín tó yẹ kó jáde ti bá atẹ́gùn lọ. Ẹ ò bá ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀.

Ẹ má wò mí bí ẹni tó gbọ́n o. Lọ́dún 2013, èmi tí mo ń bá gbogbo ayé yẹ ọkọ̀ wò, mo lọ ra tèmi, Sienna 2005. Mo kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó ń tà á gbé mínírà tútù fún wa. Àbígbẹ̀yìn mi ń tẹ bọ́tìnì ilẹ̀kùn, ó ń ṣí, ó ń tì, ó ń ṣí, ó ń tì. Mo tan ọkọ̀, ó dákẹ́ bí ológbò tó yó. Mo fa irin ìwọ̀n ọ́ìlì yọ. 5W-30 ni Toyota ní kí wọ́n máa dà sí ẹ́ńjìnnì yẹn, ó máa ń ṣàn kúrò lára irin kíákíá. Eléyìí ń fà tòròòrò bí oyin. Mo rí i. Mo tún mu mínírà mi. Mo sanwó.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Èéfín aláwọ̀ aró bo gbogbo ojúlé wa, aládùúgbò mi yọrí ní fèrèsé, ó ní ṣé iná ń jó ni. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ọkọ̀ ń wò mí bí ẹni pé òun kọ́. Ọ́ìlì tó nípọn àti oògùn inú agolo ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Kí oṣù náà tó parí, mo ti wà ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, mo ń ná ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù, àlòkù tó ti òkè òkun wá. Títí dòní, bí mo bá ń bá oníbàárà wí níwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á rọra bi mí pé, "Ọ̀gá, mínírà wo ni wọ́n gbé fún yín lọ́jọ́ yẹn?"

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo máa ń pe ẹni tó ń tà á lálẹ́, mo ní kí ó má tan ọkọ̀ o, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ń bọ̀. Tí mo bá débẹ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni tán, àtẹ́lẹwọ́ mi ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti ń lọ nìyẹn. Tó bá tutù, mo ṣí rédíétọ̀. (Kìkì ìgbà tó bá tutù o! Mo mọ ẹni tí omi gbígbóná bó lójú.) Tí òróró bá léfòó lórí omi, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí orí ẹ́ńjìnnì pa, ti lọ. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo dojú rẹ̀ dé. Tí mo bá rí ohun tó dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n po mílíìkì mọ́, omi ti ń wọ ọ́ìlì. Tó bá dúdú, tó dì mọ́ ìdérí bí ọ̀dà, ẹni tó lò ó kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn Sienna ìgbà àkọ́kọ́, ti 1998 sí 2002, òkìkí ọ̀dà yìí ló gbé wọn jáde.

Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n tan án, èmi á sì dúró sídìí sàlẹ́ńsà pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ wà. Èéfín aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò lọ, tó ń rùn bí nǹkan dídùn, ó ń jẹ omi rédíétọ̀. Dúdú, epo ló ń jẹ jù, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ tan A.C. iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró lójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ìgbóná. Ẹni tó bá ní epo òun ń tán, ẹ fún un lówó epo.

Ti gíà ńkọ́? Ẹ má yí po àyíká ibi tí wọ́n ti ń tà á kí ẹ ní ẹ ti wà á. Èmi máa ń wa tèmi gun Òkè Àrẹ, lápá ilé gogoro Bower. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì lọ, ẹ ti gbọ́ èsì. Ẹ tún fi ẹ̀yìn gun òkè díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ gíà tó ń kú lọ, rìfáàsì ni ó kọ́kọ́ ń kọ̀.

Ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà, mi ò mọ ibi tí mo kà dé mọ́: ẹ sọ́ra fún Sienna tó ti ṣe akérò. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n ń lò bí ẹrú tó o lójú ọ̀nà Èkó sí Benin. Nọ́ńbà ara rẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ búlúù ti ọkọ̀ ilé, kò ní láti jẹ́ pupa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo sípíríǹgì ẹ̀yìn: wọ́n máa ń fi nǹkan kún un kó lè gbé ẹrù. Ẹ wo òrùlé, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti ń fa àpò. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ìjókòó àárín, ẹ wo ihò bóòtù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí ojú wẹ́dà. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì: tí máìlì bá ní 80,000 tí rọ́bà sì ti pá bí orí àgbà, máìlì ló ń parọ́.

Iná check engine. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ọkọ̀. Gbogbo iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó tàn, òun náà nínú wọn. Tí òun nìkan ò bá tàn, ẹnì kan ti yọ ojú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kódù àìsàn ọkọ̀, tàn yín pé kò sí kódù kankan. Ẹni tó bá nu kódù láàárọ̀, kò ní sí kódù lọ́sàn-án. Ibi tí wọ́n kọ readiness sí, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀, ni kí ẹ wò. Tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò bá tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni.

Ọkọ̀ omíyalé: ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó títí yóò fi dé ìdí. Inú ibi tó ká sí, kò sẹ́ni tó ń rántí fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ níbẹ̀, ẹ má bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó rọ omi bo Texas lọ́dún 2017, ọkọ̀ tí omi wọ̀ kò lóǹkà ní Amẹ́ríkà.

Èyí tó wá láti apá àríwá Amẹ́ríkà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin. Lọ́dún 2010, Toyota pe nǹkan bí 600,000 Sienna padà nítorí pé okùn irin tó gbé táyà àfikún ró lábẹ́ ọkọ̀ lè dípẹtà kó sì já. Páìpù A.C. ẹ̀yìn náà gba abẹ́ kọjá, òun ló fà á tí èrò iwájú fi ń gbọ̀n tí ti ẹ̀yìn ń làágùn nínú ọ̀pọ̀ Sienna. Tí wọ́n bá ní gáàsì lásán ló tán, ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ kí ẹ tó sanwó.

Sienna AWD, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ti 2004 sí 2010 kò ní táyà àfikún rárá. Ẹ má fi ẹ̀sùn olè kan ẹni tó ń tà á.

Odyssey, ọkọ̀ ìdílé ti Honda, 1999 sí 2004: gíà. Mo ti sọ ọ́ tán. Honda alára pe púpọ̀ nínú wọn padà lọ́dún 2004 nítorí gíà kejì, ẹ̀yin wá ní ó rọ̀ lówó. Kí ló dé tí kò ní rọ̀ lówó?

Ìyá Ìbejì kan ní Bódìjà ni ó gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu lọ́dún yìí. Wọ́n dá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n sì pè mí. "Ọ̀gá, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbóná o. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní oòrùn ni." Mo ní, "Màmá, oòrùn wo ló ti yọ?" Wọ́n gbé fóònù fún ọ̀gbẹ́ni náà kí n bi í fúnra mi. Kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Ìbejì ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà.

Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó rí òmíràn, 2008, ó tutù bí ìkòkò àmù ní àárọ̀ tí a tàn án. Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ẹ̀yìn nìkan ló ní wàhálà díẹ̀ nínú, nítorí pé èèyàn ní láti tú ìdajì orí ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Mo tú u, mo pààrọ̀ wọn, mo gba owó iṣẹ́ mi. Wọ́n gbé mínírà fún mi, mo ní omi ni kí wọ́n fún mi.