Bí mo ṣe ya sítáǹpù eléyín 12 kúrò lára eléyín 11½

Sítáǹpù ayé òyìnbó mẹ́rìnlélógójì ni mo yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ṣì lẹ̀ mọ́ àpò lẹ́tà. Ohun tí mo lò: ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò mú, díńgí tó ń mú nǹkan tóbi, rúlà, abọ́ pẹrẹsẹ dúdú, epo láítà, àti ìwé ìwọ̀n eyín (eyín ni àwọn ṣóńṣó kéékèèké tó yí etí sítáǹpù ká).

Mo gé àpò yí sítáǹpù ká, mo fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òǹtẹ̀ OGBOMOSHO àti ọjọ́ rẹ̀ bá hàn ketekete, n kò gé e rárá. Odindi ni mo tọ́jú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú nínú omi tútù, ìwé á yọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á. Sítáǹpù tọ́rọ́ elésè-àlùkò ti Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ìlú òyìnbó kò gbọdọ̀ wọ omi, torí aró rẹ̀ ń ṣí: De La Rue, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, mọ̀ọ́mọ̀ lo irú aró bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọ òǹtẹ̀ kúrò kó tún un lò. Orí fóòmù tútù nínú ike onídèérí ni mo tẹ́ ẹ sí, ojú rẹ̀ lókè, títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀. Mo wá sá gbogbo rẹ̀ sáàárín ìwé funfun, mo gbé ìwé ńlá lé e. Bí ọyẹ́ ṣe mú yìí, láìsí ẹrù lórí rẹ̀, á ká bí ewé gbígbẹ.

Iṣẹ́ gan-an wà níbi eyín. Iye eyín tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì la ń kà. Eépìnnì aláwọ̀ ewé ti Jọ́ọ̀jì Kẹfà jáde ní 1938 pẹ̀lú eyín 12; ní 1950, eléyín 11½ dé. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Tákíè ni mo ti tẹ ìwé ìwọ̀n mi, gbogbo sítáǹpù mi sì ń bọ́ sórí ìlà 11½. Ó fu mí lára. Mo fi rúlà wọn ìlà sẹ̀ǹtímítà méjì tó wà lórí rẹ̀: mílímítà 19.2. Ẹ̀rọ ti sún un kì kó lè gba ojú ìwé, ìlà 11½ sì ti di 12 gan-an. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀ ní 100%. Ẹ fi rúlà wọn tiyín kí ẹ tó gbé sítáǹpù lé e, ẹ sì lo ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù.

Ti Jọ́ọ̀jì Karùn-ún tó jáde ní 1914 àti irú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921, eyín kò wúlò níbẹ̀. 14 ni gbogbo wọn. Àmì inú ara ìwé ló ń yà wọ́n. Mo dojú sítáǹpù bolẹ̀ nínú abọ́ dúdú, mo kán epo láítà mẹ́ta sí i, lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, níbi tí kò sí sítóòfù tàbí iná kankan. Àmì á hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí lẹ́tà CA (Crown Agents) inú àmì náà bá dúró gán-án bíi lẹ́tà ńlá, ti 1914 ni. Bó bá dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, irú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921 ni. Kẹrosíìnì kò ṣe é fi rọ́pò: ọ̀rá rẹ̀ kì í kúrò.

Epo yìí náà ló tú àṣírí kọ́bọ̀ pupa méjì: ojú ibi tí wọ́n ti fi agbára ṣí wọn rí ṣókùnkùn, torí ìwé ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.