Bí mo ṣe fi ìwé kíkà kọ́ ara mi ní ìtàn kíkọ

Ó ti pẹ́ tí ìtàn kíkọ ti ń wù mí, mi ò sì lọ kíláàsì kankan fún un, ìwé ni mo kà. Láti kékeré ni mo ti ń kàwé, mo wá rò pé ẹni tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀ á kàn mọ ìtàn kọ ni. Àfìgbà tí mo jókòó kọ tèmi, tí ìpínrọ̀ mẹ́ta jáde tí gbogbo ẹ̀ gbẹ táútáú. Ohun tí mo wá rí ni pé gbogbo ìwé tí mo ti ń kà yẹn, mò ń gbádùn ẹ̀ lásán ni, mi ò wo ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń wo ijó tí kò wo ẹsẹ̀ oníjó.

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà ni mo ti ka nǹkan tí Benjamin Franklin ṣe, ọkùnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé ara ẹ̀ pé nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, òun rí ìdìpọ̀ The Spectator kan, ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wu òun gan-an, lòun bá ń kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, òun á gbé e jù sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òun á wá fi ọ̀rọ̀ ara òun tún un kọ láìwo ìwé, lẹ́yìn náà òun á gbé méjèèjì síra, òun á wá àṣìṣe òun. Nígbà míì á da àwọn kókó yẹn rú mọ́ra pátápátá, á tún un tò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó lè mọ bí èrò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn.

Àpilẹ̀kọ ni tiẹ̀, ìtàn ni mo fẹ́ kọ ní tèmi, ṣùgbọ́n mo ní kí n dán an wò. Mo mú ìtàn kúkúrú kan tí mo fẹ́ràn, ojú ewé 9 péré. Mo kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì láìmú bíró dání. Lọ́jọ́ kejì mo fọwọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sínú ìwé, mi ò lo fóònù o, torí ọwọ́ máa ń lọ́ra, tọ́wọ́ bá sì lọ́ra ojú á rí ibi tí òǹkọ̀wé ti já gbólóhùn kúrú àti ibi tó ti jẹ́ kó gùn. Mo kọ kókó ẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá tún un kọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Níbi tí obìnrin inú ìtàn yẹn ti gbọ́ pé ọmọ ẹ̀ ò ní wálé mọ́, ohun tí mo kọ ni pé, "Ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, kò mọ ohun tó lè ṣe." Mo wá ṣí ti òǹkọ̀wé. Kò sí ìbànújẹ́ níbẹ̀ rárá. Obìnrin yẹn ń ká aṣọ, ó ká a tán, ó tú u, ó tún ń ká a. Mo ka ìlà yẹn tó ìgbà márùn-ún. Bí mo ṣe lọ gbé ìtàn mi àtijọ́ jáde nìyẹn, mo fi bíró pupa yí gbogbo "inú bí i", "ẹ̀rù bà á" ká, 14 ni mo rí nínú ojú ewé mẹ́rin. Mi ò pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ṣá, torí níbi tí ìtàn ti gbọ́dọ̀ sáré, "inú bí i" tó bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìkan ni mo ti wá nǹkan tọ́wọ́ ẹ̀dá ìtàn lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn ló wá le jù. Mo kà á sókè, mo fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, mo gbọ́ ọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà! Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí ohun tí Yorùbá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́: tí ẹni tó ti ń pe ẹnì kan ní "ẹ" látìbẹ̀rẹ̀ bá ṣàdéédéé yí i sí "o" láàárín ìjà, òǹkàwé ti mọ̀ pé nǹkan ti bà jẹ́, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé.

Ìtàn keje ni mo ń ṣe báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kún inú ẹ̀. Mo ti kọ kókó ẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀, ó di Sátidé kí n tó ṣí i.