Bí Mo Ṣe Tọpa Pápá Eré Ẹṣin Mẹ́ta ní Singapore

Títí di òní, bàbá mi kì í pe TBS ní TBS. Race Course ni wọ́n máa ń pè é, bí ẹni pé ẹṣin ṣì ń sáré níbẹ̀. Ọdún 1859 ni Ọba Dòsùmú yọ̀ǹda ilẹ̀ yẹn fún àwọn òyìnbó. Ibẹ̀ ni a ti gba òmìnira lóru mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, nígbà tó sì di 1972, ìjọba Gowon sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square. Ẹṣin tó kù níbẹ̀ ni àwọn ère funfun mẹ́rin tó ń fò lókè ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Singapore fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 2025, tí wọ́n sì fún wa ní Sátidé kan láti sinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá ọ̀nà ọjà lọ, èmi wá ọ̀nà pápá ẹṣin.

Wọ́n ti sá eré ìkẹyìn níbẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá 2024, lẹ́yìn ọdún 181. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sá eré náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Farrer Park, ó kó lọ sí Bukit Timah, ó wá parí sí Kranji. Tí ẹ bá tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí máàpù, ẹ ó rí i pé láti àárín ìlú ni wọ́n ti ń tì í lọ sí ìpẹ̀kun erékùṣù, títí ó fi kù díẹ̀ kó kan omi. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rin ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti èyí tó pẹ́ jù dé èyí tó kẹ́yìn.

Ohun tí mo kó dání kò pọ̀: káàdì ọkọ̀ tí owó wà nínú rẹ̀, ike omi ńlá kan, àti agbòòrùn. Òjò Singapore kì í kéde ara rẹ̀, oòrùn ibẹ̀ sì ń jó ni bí oòrùn Èkó nínú oṣù Kẹta. Mo jáde ní kùtù.

Farrer Park rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MRT ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an, lórí ọ̀nà North East Line. Bí ẹ bá ti jáde sókè, òpópónà tí ẹ máa bá pàdé nítòsí ni Race Course Road. Mo dúró síwájú pátákó orúkọ yẹn, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi. Èsì wọn kò pẹ́: “Àwọn yẹn kò yí orúkọ tiwọn padà.”

Ọdún 1842 ni àwọn oníṣòwò òyìnbó kan, tí William Henry Macleod Read wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ eré ẹṣin sílẹ̀. Wọ́n sá ìdíje àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ àbàtà yìí ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1843. Àwọn ará Íńdíà tó ń sin màlúù náà wà ládùúgbò yìí, ìdí nìyẹn tí òpópónà kan nítòsí fi ń jẹ́ Buffalo Road títí di òní. Ibi tí màlúù àti ẹṣin jọ ń jẹko ló di Little India tí gbogbo àlejò ń wá wò báyìí. Pápá náà gba ohun tó ju ẹṣin lọ o. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ ní Singapore ti gbéra ní 1911. Nígbà tí àwọn Jàpáànì ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì 1942, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Íńdíà jọ sí láti fà wọ́n lé Jàpáànì lọ́wọ́. Ìyẹn tún rán mi létí TBS. Pápá ẹṣin ni ibi tó tẹ́jú tó sì gbòòrò tó nínú ìlú tó há, nítorí náà gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ló ń wá.

Mo rin Race Course Road láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ńpìlì Búdà ńlá méjì kọjú síra wọn lápá kan. Lápá kejì, àwọn ilé oúnjẹ tó ń ta ọbẹ̀ orí ẹja lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tò síra wọn. Mo jẹ ọ̀kan. Ata inú rẹ̀ dáa, ó yẹ kí n sọ ọ́, torí a máa ń rò pé àwa nìkan la mọ ata. Pápá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Koríko díẹ̀ ló ṣẹ́kù, àwọn ilé gogoro ìjọba sì ti yí i ká. Koríko ọ̀hún náà ti ní olówó: ní 2021 ìjọba kéde pé ilé bí 1,600 ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀.

Láti Little India, mo wọ ọ̀nà Downtown Line, mo sọ̀ ní Sixth Avenue. Bukit Timah nìyẹn, àdúgbò àwọn olówó, ilé onílẹ̀ àti ọgbà òdòdó. Ẹ rékọjá Dunearn Road, ẹ wá Turf Club Road lórí fóònù yín. Ìrìn yìí gùn, ibòji kò sì tó nǹkan, ibí ni agbòòrùn mi ti jẹ owó rẹ̀.

Farrer Park ti há mọ́ èrò nígbà tó fi máa di ọdún 1920 síwájú. Ẹgbẹ́ náà ta ilẹ̀ yẹn, wọ́n ra oko rọ́bà kan níbí, wọ́n sì kó wá ní 1933. Ibí ni Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1972 láti fi ife ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lélẹ̀. Ní 1999, ìjọba tún ní àwọn fẹ́ ilẹ̀ náà, ẹgbẹ́ bá tún di ẹrù.

Apá yìí ló yà mí lẹ́nu jù lọ, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹṣin kó kúrò, kò sí ilé kankan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún bí ọdún 25. Wọ́n yá ibẹ̀ fún àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù, àwọn ilé oúnjẹ, ilé ìwé jẹ́léósinmi, àti pápá bọ́ọ̀lù. Inú àwọn ilé ìjókòó òǹwòran àtijọ́ di ọjà. Ìparí 2023 ni wọ́n tó ní kí àwọn ayálégbé máa lọ, oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n sì tó fi àwòrán ètò wọn han aráyé: ilé 15,000 sí 20,000 lórí hẹ́kítà 176, tí kíkọ́ wọn yóò gba ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún. Ìbéèrè tí mo bi ara mi lábẹ́ agbòòrùn ni pé, ṣé ìlú tí ilẹ̀ ń pọ́n lójú ni ó fi ilẹ̀ tó tó báyìí sílẹ̀ fún ọjà ọkọ̀ àlòkù fún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọdún? Àmọ́ bí mo ṣe rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé èrò ọmọ Èkó ni mò ń rò. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ tí ẹ kò bá kọ́lé sí lónìí, onílẹ̀ mìíràn yóò yọjú sí i lọ́la. Àwọn yìí lè fi ilẹ̀ pamọ́ fún ọmọ tí wọn kò tíì bí, kò sì sí ọmọ onílẹ̀ tó máa wá dá wọn dúró.

Wọ́n ti fi ọgbà yí apá kan ká nígbà tí mo débẹ̀. Mo rí ilé ìjókòó náà lókèèrè, ó ga, ó rí bíi pé èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò níbẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ń gbèrò láti dá a sí nígbà tí ilé bá bẹ̀rẹ̀. N kò dúró pẹ́.

Sí Kranji: ẹ padà sí Downtown Line, ẹ gùn ún dé Bukit Panjang, ẹ wọ ọkọ̀ kékeré orí afárá tí wọ́n ń pè ní LRT dé Choa Chu Kang, kí ẹ wá bọ́ sínú North South Line. Lẹ́yìn Yew Tee, Kranji ló kàn. Ojú irin ti jáde sókè níbí, ẹ ó rí ìta dáadáa. Johor ní ilẹ̀ Malaysia kò jìnnà mọ́, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá sí ọ̀hún wà nítòsí ibùdókọ̀. Itẹ́ òkú àwọn jagunjagun Ogun Àgbáyé Kejì náà wà lágbègbè yìí.

Pápá Kranji tóbi. Ó lé ní 120 hẹ́kítà, nígbà tí gbogbo TBS kò ju hẹ́kítà 14 àti ààbọ̀ lọ. Dọ́là Singapore bí 500 mílíọ̀nù ni wọ́n ná sí i, ilé ìjókòó rẹ̀ sì gba 30,000 èèyàn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé tí ọ̀gbẹ́ni ẹ̀ṣọ́ fi dá mi dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kò sí ìwòran mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé láti Nàìjíríà ni mo ti wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣùgbọ́n ẹṣin kò sí ńbẹ̀.

Takisí ni mo wọ̀ yípo ìta rẹ̀. Àgbàlagbà ni awakọ̀ náà. “Uncle” ni tọmọdé tàgbà ń pe irú wọn níbẹ̀, èyí sì bá mi lára mu. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, bàbá náà dín eré ọkọ̀ kù.

“Ìwọ náà ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ni?”

Mo ní rárá, Uncle, pápá ni mo wá wò.

Wọ́n ní àwọn máa ń wá lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, pé àwọn rí Rocket Man tó ń sáré. Ẹṣin yẹn ni wọ́n ń sọ bí ẹni ń sọ ọmọ tó gboyè: ó kúrò ní Singapore lọ gba Dubai Golden Shaheen ní 2011. Mo béèrè bóyá inú bí wọn nígbà tí ìjọba kéde ní oṣù Kẹfà 2023 pé òpin ti dé. Wọ́n ronú. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan kú, èkejì ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọmọ tiwọn kò sì wá rí. “Ta ló fẹ́ wá jókòó síbẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá ìṣirò ìjọba mu. Ní 2010, bí 11,000 èèyàn ló ń wá wòran lọ́jọ́ eré kan. Ọdún yẹn náà ni ilé tẹ́tẹ́ ńlá méjì ṣí ní Singapore. Nígbà tó fi di 2019, wọ́n ti dín kù sí bí 6,000. Lẹ́yìn Kòrónà, bí 2,600 péré ló kù nínú ilé ìjókòó tó gba 30,000. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ nìkan ló pa eré ẹṣin, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Èrò ti kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ ló wá jẹ́ kí ìjọba rí ìdí tí kò fi ní í dúró kí ó kú fúnra rẹ̀, torí erékùṣù tó lé díẹ̀ ní 730 kìlómítà níbùú lóròó, tí èèyàn bí mílíọ̀nù mẹ́fà ń gbé, kò lè fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún 2,600 òǹwòran. Ìlú tó hú òkú ní itẹ́ Bidadari kí ó lè kọ́lé sórí rẹ̀, ṣé ẹṣin ni yóò ṣàánú? Pápá gọ́ọ̀fù Marina Bay náà kógbá wọlé ní 2024 kan náà.

Àwọn tí mo káàánú ni àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó bí 350, ẹṣin sì tó bí 700 nígbà ìkéde. Ẹṣin ní ibi tó ń lọ: wọ́n kó òmíràn kọjá sí Malaysia, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé òmíràn. Ẹni tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń rọ, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ ní ìlú tí kò ní ẹṣin eré mọ́?

Mo tún bi Uncle pé ṣé wọ́n ti wá fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀ báyìí. Wọ́n wò mí nínú dígí ọkọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Tẹ́tẹ́ kẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù Singapore Pools, ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ìjọba, ṣì ń ta á, ẹṣin tó ń sáré ní Hong Kong àti Ọsirélíà ni wọ́n ń ta á lé. Wọ́n tilẹ̀ gbé mi dé iwájú ọ̀kan, ìlà àwọn bàbá arúgbó tó mú bírò àti ìwé pélébé lọ́wọ́ ti jáde sí ẹ̀bá títì. Ohun tó pa owó fún ìjọba nínú eré ẹṣin kò nílò hẹ́kítà kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí, kí ó tètè ṣe é. Oṣù Kẹta 2027 ni ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ kó Kranji lé ìjọba lọ́wọ́ tán, fún ilé kíkọ́ àti àwọn ohun mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Farrer Park bí mo ṣe ṣe, torí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti Kranji, ó ti máa rẹ̀ yín kí ẹ tó dé ìdí ọbẹ̀ orí ẹja.