Ìwọ̀n ara àti iṣẹ́ abẹ ọmú ọkùnrin: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe

"Ẹ bá mi gé ọmú tó yọ sí mi láyà bíi tobìnrin yìí ná, màá fọn tó bá yá." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí awọ ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ ni dókítà fi ń ṣe ìṣirò. Bí kílò 15 bá wá lọ lẹ́yìn náà, awọ á sọ̀, abẹ́ orí ọmú á jìn kòtò, ó sì lè di pé kí wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn láti gé awọ. Àpá ìyẹn máa ń gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọn, kí ìwọ̀n dúró sójú kan fún oṣù 3 sí 6, kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́.

Ebi nìkan kọ́ ló ń mú ọmú lọ o. Ọ̀rá ń yọ́, kókó inú ọmú (ẹran ọmú gan-an, tí kì í ṣe ọ̀rá) kì í yọ́. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú ọmú lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ rọra fún un bọ̀ sọ́nà orí ọmú. Bí ẹ bá kan nǹkan roboto tó le díẹ̀ bíi rọ́bà lábẹ́ orí ọmú gan-an, kókó nìyẹn. Bí ìka bá débẹ̀ láìkan nǹkan kan, ọ̀rá ni. Èyí tó bá le gbagidi ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí orí ọmú ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró, dókítà ni kẹ́ ẹ sáré fi hàn: jẹjẹrẹ ọmú ń mú ọkùnrin náà.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rá tí wọ́n ti fà jáde kò lè padà. Èyí tí wọ́n fà kò ní padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fà á tán, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ nínú kókó sílẹ̀ kí orí ọmú má baà jìn. Bí ẹ bá sanra, ọ̀rá tó kù á wú. Ọ̀rá yìí kan náà ló ń sọ testosterone, họ́mónù ọkùnrin, di estrogen, họ́mónù tí kókó fi ń dàgbà. Kílò 2 tàbí 3 kì í sábàá hàn. Bí kílò 10 bá wọlé, á hàn láyà. (Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní jíìmù kí iṣan lè yọ tún burú ju ìyẹn lọ: kókó lè padà wú láìjẹ́ pé ìwọ̀n yẹ̀ rárá.)

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n lè gbéra nítorí omi tí wọ́n fà sí yín lára àti wíwú. Ẹ má torí ẹ̀ febi pa ara yín; ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ni ojú ọgbẹ́ ń fẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò sí press-up fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bí ẹ̀wù tó ń fún àyà, èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bá ti ká jọ torí pé ara ti yàtọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ibi tó bá ká sí máa ń ṣe ilà sára.