Ẹ Yéé Fọ Páǹpù Ìfínko Sínú Odò Ògùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àkùrọ̀ àti ará ilé tó wà létí Odò Ògùn, láti Lafẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta lọ sísàlẹ̀, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fín oko, a ò ní kọ́ yín. Ibi tí ẹ ti ń fọ páǹpù lẹ́yìn iṣẹ́ la bá wá. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, bákan náà là ń bá a: wọ́n á ri páǹpù bọ odò, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ju ike oògùn sí ẹ̀bá ibẹ̀. Bí ẹja bá léfòó, wọ́n á ní odò ló ń bínú. Odò kò bínú. Oògùn ìfínko ló pa ẹja.

“Omi á gbé e lọ.” Lọ síbo? Odò yìí ti apá Ṣakí wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó já sí Ọ̀sà Èkó, ọ̀sà sì já sí òkun. Edé, akàn àti ọmọ ẹja ń dàgbà nínú ọ̀sà yẹn.

Ẹ wo ohun tí ìdọ̀tí oko tí odò ń gbé lọ ń ṣe ní Queensland, ní Ọsirélíà. Àpáta iyùn abẹ́ òkun tó wà níbẹ̀ gùn ju 2,300 kìlómítà lọ. Ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké ló mọ ọ́n, ìbátan iyùn tí à ń so sọ́rùn ìyàwó. Ewédò tíńtín tó ń gbé inú ara wọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá oúnjẹ fún wọn. Bí omi bá dọ̀tí, ebi dé. Gbogbo irú àpáta bẹ́ẹ̀ láyé kò tó ìdá 1 nínú 100 ilẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 oríṣiríṣi ẹ̀dá inú òkun ló fi ibẹ̀ ṣe ilé, òun náà ló sì ń ṣẹ́ agbára ìgbì kí ó tó dé èbúté. Ooru òkun ti pa púpọ̀ nínú ti Queensland, pàápàá ní 2016. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀, ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko láti oko ìrèké náà ń bà á jẹ́, odò ló sì ń kó wọn dé ibẹ̀. Etíkun Èkó kò ní irú rẹ̀, nítorí omi odò àti ẹrẹ̀ kò jẹ́ kó gbilẹ̀. Ọ̀sà la ní. Òun ni kí a tọ́jú.

Bí ike oògùn bá tán, ẹ bu omi dé ìdá 1 nínú 4 rẹ̀, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ dà á sínú páǹpù kí ẹ tó po oògùn tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ẹ lu ike náà ní ihò 3. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe rọ epo tàbí omi sínú rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó.

Bí ẹ bá fín oko tán, ẹ rọ omi lítà 2 sínú páǹpù, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fín in sórí oko kan náà. Ìyẹn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ibi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́n jìnnà sí odò tó mítà 50, ìyẹn nǹkan bí ìṣísẹ̀ 70. Koríko etí odò, ẹ fi mítà 10 sílẹ̀, ẹ má ro ó, ẹ má fín in.

Ẹni tó ń da Gamalin sódò láti pa ẹja, májèlé ló ń tà fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Lindane, májèlé inú rẹ̀, ti wọ ìwé àdéhùn Stockholm tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí májèlé láti 2009, pé kí gbogbo ayé pa á tì.

Bí òjò bá ṣú, ẹ má fín oko lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 dání láàárọ̀, kí páǹpù má bàa ní ohun tó ń wá lọ sódò.