Bí Mo Ṣe Tú Irun Àbúrò Mi Tí Kò Fi Já

Àbúrò mi obìnrin gbà pé irun òun kì í dàgbà, nítorí pé láti ọdún mélòó kan wá, kò tíì kọjá èjìká rẹ̀ rí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irun orí èèyàn máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí kó lé díẹ̀ lóṣooṣù, tí gígùn náà kò bá sì hàn, a jẹ́ pé bó ti ń hù níbi gbòǹgbò ló ń já níbi ṣóńṣó. Nígbà tó bẹ̀ mí pé kí n bá òun tú irun dídì tó ti lo ọ̀sẹ̀ 6 lórí òun, mo ní kó mú dígí dání, kó máa wo bí mo ṣe ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo kọ́kọ́ gé irun tí wọ́n fi kún tirẹ̀, níbi tó jìnnà dáadáa sí ibi tí irun tirẹ̀ parí sí, mo sì ń fi ọwọ́ tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní ìdí dídì kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ máa ń wà níbẹ̀: eruku, ìpara àti irun tó ti re ló kóra jọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba irun wọn jẹ́, nítorí pé ìkánjú ń mú kí wọ́n da omi sí i kí wọ́n tó tú u, omi náà á sì mú kó ta kókó tí òòyà kò ní lè wọ̀. Òróró díẹ̀ ni mo fi sí ìka, mo sì rọra fi ìka ya ìdí kọ̀ọ̀kan títí ìdọ̀tí náà fi jáde, kí n tó mú òòyà.

Irun tó jọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀rù ba àbúrò mi. Mo ṣàlàyé fún un pé irun tó máa ń re lórí èèyàn lójúmọ́ wà láàárín 50 sí 100, àti pé gbogbo èyí tó re láàárín ọjọ́ 42 kò rí ọ̀nà jáde nínú dídì náà, nítorí náà ó lè tó 2,100 sí 4,200. Mo tẹ́ aṣọ dúdú, mo sì mú díẹ̀ lé e lórí kó lè rí i. Èyí tó gùn, tó sì ní kókó funfun kékeré ní ìdí, ṣe ló re fúnra rẹ̀. Òmíràn á hù rọ́pò rẹ̀. Èyí tó kúrú, tí kò ní kókó, ṣe ló já. Ti àtàrí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó re tán, ṣùgbọ́n ti ìpàkọ́ kún fún kúkúrú, nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń ha ìrọ̀rí ní gbogbo òru.

Mo pín irun náà sí ọ̀nà 4 kí n tó fọ̀ ọ́. Awọ orí nìkan ni mo fi ọṣẹ ìforun sí, orí ìka ni mo sì fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe èékánná. Ìfófòó tó ń ṣàn wálẹ̀ tó láti fọ ìyókù. Kọndíṣọ́nà ni mo fi sí àárín irun títí dé ṣóńṣó, nítorí pé ibẹ̀ ló dàgbà jù: ṣóńṣó irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun tútù máa ń fà, ó sì máa ń tètè já, nítorí náà kọndíṣọ́nà ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí mo fi òòyà eléyín gbọọrọ yà á, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn ṣóńṣó tó ti là sí méjì, mo gé wọn. Kò sí ìpara tó lè lẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí irun tó ti jáde kúrò nínú awọ orí kò ní ẹ̀mí tí yóò fi wo ara rẹ̀ sàn.

Mo fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò, n kò fi í ra irun. Kó tó gbẹ tán ni mo fi òróró pa á, torí pé òróró kì í fún irun lómi, ńṣe ló ń dá omi tó ti wà níbẹ̀ dúró. Ó fẹ́ fi dráyà gbẹ ẹ́, mo ní rárá, kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́.

Ẹ̀bátí rẹ̀ ló ká mi lára jù. Irun ibẹ̀ ti fọ́nká, àwọn kókó wẹ́wẹ́ sì sú sí iwájú orí níbi tí wọ́n ti fa irun le jù. Tí irú fífà bẹ́ẹ̀ bá ń bá a lọ fún ọdún púpọ̀, gbòǹgbò lè kú, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Mo di ìyókù láìfà á le, láìfọwọ́ kan etí irun, mo sì fi aṣọ sátìnì wé e. A ti fẹnu kò pé etí irun yóò sinmi fún oṣù mélòó kan, àti pé nígbà tó bá tún fẹ́ dirun, tí dídì àkọ́kọ́ bá ti dùn ún, yóò ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀.