Bí Mo Ṣe Ṣí Ṣọ́ọ̀bù fún Àwọn Ọmọ Kéékèèké Láti Fi Ṣeré

Àwọn ọmọ tí mò ń bójú tó wà láàárín ọdún 3 sí 5, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ràn eré ọjà títà nínú wọn. Nígbà tí mo fẹ́ ya igun kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù nínú yàrá wa, ohun tí mo kọ́kọ́ rò kì í ṣe ọjà tá a máa tà. Ibi tí oníbàárà máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ ni mo rò. Ọmọ tó ra nǹkan tán tí kò rí ibi gbé e lọ, á dá a padà síbi tó ti mú un, eré ti parí nìyẹn. Torí náà, ẹ̀gbẹ́ igun ilé, ìyẹn igun tí wọ́n ti máa ń ṣeré bí ará ilé, ni mo gbé ṣọ́ọ̀bù sí, níbi tí ìkòkò, àwo àti ibùsùn ọmọláńgidi wà. Bí ọmọláńgidi bá fẹ́ wẹ̀, ẹnì kan ní láti lọ ra ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ máa wà lẹ́nu ọmọ tó ń bọ̀ wá rajà nígbà yẹn, torí pé ó mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Mo ní kí àwọn òbí máa kó páálí àti ike òfìfo bọ̀ láti ilé. Ohun tí ọmọ ń rí nílé ló dáa jù, torí pé ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà máa ń fi àwọ̀ àti àwòrán ara páálí dá a mọ̀. Mo fọ àwọn ike, mo ki bébà sínú páálí kó má bàa tètè tẹ̀, mo sì lẹ ẹnu wọn pa. Mi ò gba agolo tí etí rẹ̀ mú. Mi ò gba páálí oògùn àti ike oògùn ìfọṣọ, bó ti wù kó mọ́ tó: ọmọ tó ti ń fi í ṣeré lè nawọ́ mú ojúlówó lọ́jọ́ mìíràn. Àpò aṣọ la fi ń gbé ọjà, kò sí ọ̀rá, torí ọmọ lè fi ọ̀rá borí kó má sì lè mí.

Ohun kéékèèké gba ìṣọ́ra gan-an bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá máa ń wọ yàrá yín. Òfin ohun ìṣeré ní Amẹ́ríkà ń fi kóńkó kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.17 wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Páálí róbótó àárín tíṣù lèmi ń lò. Ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ohun tó bá sì ti gba inú rẹ̀ kọjá, mi ò kó o sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi igi ìkọ́lé àti àkísà mélòó kan sáàárín ọjà láìkọ nǹkan kan sí wọn lára. Lọ́dún 1933, Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Soviet Union, ṣàlàyé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan bí igi ṣe ń di ẹṣin nínú eré ọmọdé. Igi tiwa ti di fóònù, ó ti di irin ìlọṣọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ àwọn ọmọ.

Tábìlì kan tó mọ àwọn ọmọ níkùn ni mo gbé sáàárín: òǹtajà lódì kejì, oníbàárà níwájú. Épúrọ́ọ̀nù méjì péré ni mo rán. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń tà. Tó bá bọ́ ọ, iṣẹ́ ti ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Èyí paná ìjà ju gbogbo ìkìlọ̀ mi lọ.

Mo gé páálí róbótó ńláńlá fún owó. Dípò kí n kọ nọ́ńbà sára ọjà, àmì tóótòòtó ni mo tò sí i. Ọmọbìnrin kan fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì tó ní àmì mẹ́rin. Ó fi owó bo àmì kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.” Òǹtajà bi í pé, “Mélòó lẹ san?” Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Nínú ìlànà kíkà tí Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1978, ọ̀kan ni pé nǹkan kan gba nọ́ńbà kan. Òmíràn ni pé nọ́ńbà tá a pè gbẹ̀yìn ló ń sọ iye gbogbo wọn. Ọmọ yìí ti mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa, èkejì ló kù. Mi ò dá sí i. Òǹtajà ló sọ pé, “Mẹ́rin ni! Ó pé, ẹ ṣeun.”

Bébà àti pẹ́ńsù wà ní igun ilé àti lórí tábìlì. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n ń kọ rìsíìtì. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ máa ń kà á fún mi láìkọsẹ̀.

Tí mo bá rí i pé eré ti ń tutù, èmi náà á lọ rajà, pẹ̀lú wàhálà kan lọ́wọ́. “Ẹ kú ọjà o. Bàtà tí mo rà níbí ń fún mi lẹ́sẹ̀.” Òǹtajà wò mí, ó ní, “Ẹ jókòó, màmá, ẹ jẹ́ n wọn ẹsẹ̀ yín.” Ó fa okùn kan jáde, ó nà án láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka mi, ó di kókó síbẹ̀, ó sì ń fi kókó yẹn wá bàtà tó gùn tó o. Mo gba bàtà mi, mo kúrò níbẹ̀ kíákíá, torí bí àgbà bá pẹ́ lẹ́nu eré, ojú rẹ̀ làwọn ọmọ máa ń wò kí wọ́n tó ṣe nǹkan.

Ní báyìí wọ́n ní àwọn ò ta ọṣẹ mọ́, pé ilé àtúnṣe rédíò làwọn fẹ́. Mo ti palẹ̀ àwọn páálí mọ́, mo fi tábìlì àti épúrọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ti rí rédíò àlòkù méjì, mo ti yọ bátìrì wọn, mo sì ti gé wáyà wọn kúrò. Ó ku kí n wá okùn gígùn kan sí i, torí ẹni tó wọn ẹsẹ̀ mi ti ní òun máa fi í ṣe wáyà.